Kọ̀ǹpútà Mọ́kànlá Tó Yẹ Kó Wá sí Ifọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá nígbà tí èmi àti Bọ̀dá Ràsákì dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ifọ̀. Kí n tó sọ bí ìrìn náà ṣe lọ, mo ní láti sọ ohun tó gbé wa jáde nílé, kí ẹ̀yin tí ẹ máa kà á lè mọ ìdí tí inú fi bí mi tó báyìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ọ̀hún ò tíì rọ̀.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní taipu ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́yìn ọjà Ifọ̀. Ọmọ Ìwó ni mí, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé ìhín, yàrá méjì la sì háyà. Taipuráítà mẹ́fà péré ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní, ọmọ mọ́kàndínlógún ló ń pín in lò. Bí ọ̀kan bá jókòó tó ń tẹ̀, méjì á dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tẹ ẹ̀yìn àga bí ẹni pé lẹ́tà wà lára rẹ̀. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni àwọn tó ti jáde lọ́wọ́ mi ti ń padà wá láti Èkó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ọ́fíìsì ńláńlá ò béèrè taipu nìkan mọ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń béèrè. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i, kọ̀ǹpútà dà bí ìgbà tí wọ́n so taipuráítà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ á hàn lójú gíláàsì ní lẹ́tà aláwọ̀ ewé, èèyàn sì lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe láì ba bébà kankan jẹ́. Níbo ni èmi ti fẹ́ rí i? Iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lè kọ́lé ní Ifọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, Sìdíkátù, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń fò ó kọjá. Wọn ò bàjẹ́ o. Tuntun ló dé."

Mo ní kó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tó yá, ọ̀gá fọwọ́ sí lẹ́tà kan, ó lu òòtẹ̀ mọ́ ọn: ilé iṣẹ́ àwọn fi kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ta ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, kí a wá kó o ní Ọjọ́bọ̀ ní ilé ẹrù àwọn ní Ibafo. Mo ka lẹ́tà yẹn fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Wọ́n pariwo débi pé ọlọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Bọ̀dá Ràsákì pé kó sìn mí lọ. Òun ló ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí mọ́sálásí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì tíì gbọ́ kí ó sọ pé nǹkan kan ti kú. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó ń sùn ni. Ẹ jẹ́ ká jí i."

Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta pẹ́ ní wákàtí kan. Bọ̀dá Ràsákì ti kírun tán létí ojú irin kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Ìdúró la wà dé Agége, torí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Èkó ti kún inú rẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wọ sálúbàtà tí wọ́n gé lára táyà mọ́tò. Garawa tí obìnrin kan gbé sórí itan, ìdí rẹ̀ ti jẹ, wọ́n sì ti fi páànù mìíràn lẹ̀ ẹ́, ó mọ́ tónítóní. Ìgbà ọ̀wọ́n la wà. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti ní ká fún ìgbànú wa mọ́ra, kò sí nǹkan tí a ń jù nù mọ́. Agolo mílíìkì ń di fìtílà, ike òróró ń di kérẹ́gbè omi, bébà tí àwọn ọmọ mi bá ti taipu sí lójú kan, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ lò, lẹ́yìn náà ló máa di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Mo ń wo gbogbo ìyẹn nínú ọkọ̀, inú mi ń dùn. Mo ní ilé iṣẹ́ ńlá náà mà ti ń kọ́ ọgbọ́n tiwa nìyẹn.

Ní Agége, a ra búrẹ́dì gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, a jẹ ẹ́ lóòró. Bọ́ọ̀sì gbé wa dé Òjòdú, a sì wọ ọkọ̀ Pijó tó ń lọ sọ́nà Ibafo. Náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà márosẹ̀ yìí dán, kò dà bí ọ̀nà àtijọ́ tiwa tó gba Sángo, níbi tí kòtò ti ju títì lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe kọjá odò tó pààlà Èkó, mo rí òkìtì ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan ń lé èkejì, èéfín ń yọ lórí àwọn mìíràn.

Mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé ta ló ń da nǹkan síbẹ̀.

"Ta ni ìbá tún jẹ́, Màmá? Lọ́rì ló ń kó o wá láti Èkó. Wọ́n á dúró, wọ́n á já a sílẹ̀, wọ́n á sá lọ." Ó pòṣé. "Ohun tí Èkó bá jẹ kù, ọ̀dọ̀ tiwa ló ń sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èyí tó máa dùn mí jù wà níwájú.

Ibafo ò tíì di ìlú ńlá. Àtíbàbà tí wọ́n ti ń ta ìgbín àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà létí títì, oko ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn oko ni àbàtà. Àmọ́ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ Èkó ti ń kọ́ ilé ẹrù síbẹ̀, páànù gbọọrọ tí ọgbà wáyà yí ká. A rí èyí tí à ń wá láì pẹ́. Ọkùnrin tó ń bójú tó o jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó so táì, fáànù kékeré ń fẹ́ sí i lójú. A kí i, mo na lẹ́tà sí i. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi.

"Ẹ pẹ́ dé. Wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà."

"Ta ló yí i padà? Ọ̀gá yín ló fọwọ́ sí i yìí."

"Àwọn tó ju ọ̀gá yẹn lọ ni, Madam. Wọ́n kọ̀wé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí a da gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ nù, kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ dà á nù kẹ̀? Nǹkan tó ń ṣiṣẹ́?"

"Ṣé èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ ni? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí wà nínú rẹ̀."

Bọ̀dá Ràsákì sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ dákun. Inú àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ yìí ni ọ̀rọ̀ ń wà. Tí ẹ bá ti yọ àwo yẹn, ẹ̀rọ ò ní nǹkan kan í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bí rédíò tí wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ ni."

"Wọ́n ti yọ àwo," ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Ó wò yíká, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọn ò fẹ́ kí àwọn èèyàn rí orúkọ ilé iṣẹ́ lára ẹ̀rọ ogbólógbòó ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ní kò bu iyì kún àwọn."

Ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lára bí omi gbígbóná. Mo rántí àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún yẹn, bí wọ́n ṣe pariwo. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, níbo ni àwọn ẹ̀rọ náà wà báyìí?"

"Lọ́rì ti kó mẹ́fà lọ níjẹta. Márùn-ún tó kù ló kó jáde láàárọ̀ yìí. Mowe ni. Ẹnì kan ra ilẹ̀ àbàtà létí odò lẹ́yìn ìlú, ó ń wá ohun tó máa fi dí i."

Mi ò dágbére fún un. Ìyá mi kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣí ẹnu kí n kí ọkùnrin yẹn pé ó dàbọ̀. Bọ̀dá Ràsákì ló kí i fún àwa méjèèjì.

Láti Ibafo dé Mowe kò jìnnà nínú ọkọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a béèrè ọ̀nà odò, wọ́n tọ́ka sí ipa táyà lọ́rì tó gba àárín oko kọjá. A rìn ín tó ìdajì wákàtí. Oòrùn ti mú. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa, òórùn rọ́bà tó jóná, tó ń ta èèyàn nímú tó sì ń dúró lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà la rí ibẹ̀.

Ilẹ̀ ti dúdú. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó yẹ kó wà lórí tábìlì lẹ́yìn ọjà Ifọ̀ ló wà níbẹ̀, bí a bá ṣì lè pè é ní kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń ta bàbà ti dáná sun wọ́n kí wọ́n lè rí wáyà inú wọn yọ. Gíláàsì ojú wọn ti fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bọ́tìnnì lẹ́tà fọ́n káàkiri nínú eérú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀kan, lẹ́tà "A" ni. Àwọn ọmọ mi ni mo rò, àwọn tó ń fi ìka tẹ ẹ̀yìn àga. Omijé bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, ti ìbínú ni.

Obìnrin arúgbó kan jáde látinú oko, ó ró ìró kan mọ́ àyà, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi àdá tọ́ka sí eérú.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìdọ̀tí yìí?"

"Rárá o, Ìyá. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni, wọ́n wá lọ dà á síbí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá ní ká tẹ̀ lé òun. Orúkọ rẹ̀ ni Ìyá Àbẹ̀ní, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni. Ẹ̀gbá ló ń sọ, èmi ń sọ tèmi, a sì gbọ́ ara wa yé. Ó mú wa dé etí odò, níbi tí àwọn obìnrin abúlé náà ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń pe pákí lọ́hùn-ún. Nǹkan kan tó ń dán bí òróró lé sójú omi, ó ní àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ẹja kéékèèké léfòó sí ẹ̀gbẹ́ koríko.

"Òjò rọ̀ lálẹ́ ìjẹta tí ọ́n sun ún," Ìyá wí. "Gbogbo eérú yẹn ló ṣàn wọ inú odò. Ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ, mo gbé e símú, rọ́bà ló ń rùn. Ìkòkò mẹ́ta. Mo da gbogbo ẹ̀ nù. Ta ni mo fẹ́ fún jẹ?"

Bọ̀dá Ràsákì ti mú pátákó pẹlẹbẹ kan látinú eérú, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò, tí wọ́n jó wáyà mọ́ lára. Ó fi èékánná họ ohun funfun kan tó wà níbẹ̀.

"Ìyá, òjé rèé," ó ní. "Òjé yìí ni mo ń yọ́ lójoojúmọ́ láti fi jó wáyà pọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí n fi ọwọ́ òjé jẹun. Ó ní kì í pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, inú egungun ló ń wọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ mú. Inú gíláàsì yìí náà, òjé wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yìí sórí tábìlì kí èèyàn máa fi ṣiṣẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n sun ún, tí òjò bá ń fọ̀ ọ́ lọ sódò, ìgbà yẹn ló ń di májèlé."

Ìyá Àbẹ̀ní yíjú sí odò. Ó wá ní, "Ẹ ò ní ká má pọn omi ibẹ̀ mọ́?"

"Ẹ má pọn ọ́n o, Ìyá. Òkè odò ni kẹ́ ẹ lọ, níbi tí omi ti ń bọ̀."

Ó gbé ọwọ́ lérí. Òkè odò tí à ń wí yẹn jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fẹ́ gbé e dáadáa mọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ro bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà gan-an. Ilẹ̀ ẹnì kan lókè òkun ni wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó rí bàbà inú rẹ̀. Iná tí wọ́n dá kí irin tó yọ́, kí gíláàsì tó dọ́gba, kò kéré. Ọkọ̀ ojú omi gbé e la òkun kọjá. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n lò ó fún ọdún mẹ́rin nínú ọ́fíìsì tó tutù, wọ́n sì ní ó ti gbó. Taipuráítà tí mo ń lò ní Ifọ̀ dàgbà jù mí lọ!

Ibi tí a dúró sí la ti gbọ́ ìró lọ́rì.

Táyà ló jò fún un lójú ọ̀nà láàárọ̀, òun ló mú un pẹ́. Bí ó ṣe yọ sí wa, mo rí àwọn kọ̀ǹpútà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò léra wọn láì ní àbò kankan, ọ̀kan nínú wọn kọjú gíláàsì rẹ̀ sí oòrùn. Kí n tó ronú ohun tí màá ṣe, Ìyá Àbẹ̀ní ti rìn lọ sí àárín ọ̀nà. Ó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀ níwájú lọ́rì.

Awakọ̀ fọn fèrè. Ìyá ò mira. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òógùn bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi."

"Ṣe é. Ara mi ni kó o gbà kọjá."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Ìyá, wọ́n rán mi ni."

"Odò bàbá mi lọ́n rán ọ sí? Ó dáa. Padà lọ sọ fún ọn pé o bá ẹni tó ni ín."

Mo lọ bá a. Mo fi lẹ́tà tó ní òòtẹ̀ hàn án, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọn orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wù mí kí n fún yín. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, kí ni mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Àmọ́ wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ mú ìwé padà, kí ẹnì kan fọwọ́ sí i pé mo ti já ẹrù sílẹ̀ ní Mowe. Tí mi ò bá mú un dé, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn."

Bọ̀dá Ràsákì wojú mi. Mo mọ ohun tó ń rò. Kí a fọwọ́ sí i pé wọ́n ti dà á nù, kí a sì kó ẹrù wa lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi irọ́ gba ohun tí wọ́n ti fi òtítọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé, "Já ẹrù sílẹ̀ ní Mowe, ṣé bí wọ́n ṣe wí nìyẹn? Wọn ò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

"Ìyá," mo ní, "ibo lẹ ti ń sá ìrẹsì oko yín?"

Ìyá Àbẹ̀ní tọ́ka sí ilẹ̀ gbígbẹ kan lẹ́yìn ahéré, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́. Mowe náà ni. Mo ní, "Ẹ gbà á láàyè kó já a síbẹ̀." Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Èmi àti awakọ̀ àti Bọ̀dá Ràsákì la jọ rù wọ́n, wọ́n wúwo bí àpò símẹ́ǹtì, Bọ̀dá Ràsákì sì ń ké pé, "Ẹ rọra! Ẹ rọra! Ẹ má jẹ́ kí gíláàsì kan nǹkan!" Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹrù náà ti balẹ̀ ní Mowe, mo buwọ́ lù ú pẹ̀lú orúkọ mi àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi gbangba. Ìyá Àbẹ̀ní tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i lábẹ́.

Kí a tó kúrò, mo gbìyànjú láti fún Ìyá ní nǹkan díẹ̀ fún ẹ̀gẹ́ tó dànù. Ó kọ̀ ọ́. "Ìwọ kọ́ lo jẹ mí," ó ní.

Oníṣòwò ìrẹsì kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù lọ sí Ọ̀fàdà ló gbé wa, ó sì gbà láti gbé wa dé Ifọ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ìdí fún wa láti tún gba Èkó padà, a gba ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tó wọ inú oko lọ, tí a máa fi já sí Pápáláǹtò. Èmi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ, mo tẹ́ gèlè mi sáàárín méjì kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Ní Ọ̀fàdà, a dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì. Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ kò funfun bí ti òyìnbó, ó ní ilà pupa lára, òórùn rẹ̀ sì ń pe èèyàn láti ọ̀nà jíjìn. Nínú ewé ni wọ́n bù ú fún wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tó mú Bọ̀dá Ràsákì sunkún. Èèpo ìrẹsì ga bí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ìyá olóńjẹ yà mí lẹ́nu nígbà tó ka àwọn tó ń wá kó o: àwọn tó ń sin adìyẹ, àwọn tó ń yan búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń dáná. Ó ní, "A kì í jẹ́ kó ṣòfò, ọmọ mi. Kí la fẹ́ dà á nù sí?"

Kí la fẹ́ dà á nù sí. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ nídìí ẹ̀rọ ìrẹsì mọ ìbéèrè yẹn. Àwọn tó kàwé jáde ní yunifásítì, tí wọ́n ní fáànù lórí tábìlì, kò bi ara wọn rí. Wọ́n rò pé ibì kan wà láyé yìí tí wọ́n ń pè ní "ibi ìdànù", tí kò ní orúkọ, tí kò ní odò, tí kò ní ìyá arúgbó tó ń rẹ ẹ̀gẹ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Ifọ̀. Mo rò pé ilé ẹ̀kọ́ á ti ṣófo, àṣé àwọn ọmọ ò lọ sílé. Wọ́n sáré pàdé píkọ́ọ̀pù. Wọ́n kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Tíṣà, ṣebí ẹ ní mọ́kànlá?" Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo rí fún wọn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Bọ̀dá Ràsákì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí wọn. Ó tú méjì palẹ̀, ó fi ẹ̀yà ara wọn jí mẹ́ta tó kù. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé kọ́kọ́ yọ lójú gíláàsì, ó ní kí gbogbo wa wúre. Ọmọ mọ́kàndínlógún náà ti mọ̀ ọ́n lò báyìí, àwọn méjì sì ti ríṣẹ́ ní Ìkẹjà.

Ìrìn náà kọ́ mi pé ohun tí kò wúlò fún ọ mọ́ kò tíì kú, àti pé ẹni tó bá kọ̀ láti fi fún ẹlòmíràn, ó ti yàn láti fi pa ẹnì kan lára. Kò sí ibi ìsinmi kankan láàárín méjèèjì. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ náà ní Èkó. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí létí odò, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n bá lò kù fún ilé ẹ̀kọ́. Èsì wọn dé lẹ́yìn oṣù méjì, ìlà mẹ́ta ni, wọ́n taipu rẹ̀ dáadáa. Wọn ò dárúkọ odò. Wọ́n ní ohun ìní ilé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi láì gba àṣẹ, kí n dá kọ̀ǹpútà márùn-ún padà kíákíá kí wọ́n lè dà wọ́n nù bó ti yẹ.

Mo fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní màá dá márùn-ún tiwọn padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá rán èèyàn wá sí Mowe láti ṣa mẹ́fà tí wọ́n sun létí odò, ègé kọ̀ọ̀kan, títí tí Ìyá Àbẹ̀ní á fi lè pọn omi ibẹ̀ mu.

Wọn ò tíì wá.